Àǹtí Ni Mo Ń Pe Ìyá Tó Bí Mi

Ìyá tó bí mi lọ́mọ, Àǹtí ni mo ń pè wọ́n. Mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń pè wọ́n dòní, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Àwọn tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ máa ń rò pé àbúrò ìyá mi ni wọ́n, tàbí pé ẹni tó bí mi ti kú, pé ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nìyí. Àwọn kan tilẹ̀ ti bá mi kẹ́dùn rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ìyá mi ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi yẹn. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbí, kí n sì sinmi.

Ìgándò ni bàbá mi kọ́lé sí, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá ń lọ Ìgándò ní láti dágbére fún ará ilé dáadáa. Ilé náà kò tíì parí tí a fi kó wọ ibẹ̀. Yàrá díẹ̀ ló ní ilẹ̀kùn, páànù àti pákó ni wọ́n fi dí ojú àwọn yòókù, irin sì yọ ṣọnṣọ lórí àwọn òpó iwájú ilé nítorí bàbá mi ní àwọn ṣì máa gbé òkè lé e. Wọn ò gbé e lé e títí wọ́n fi kú. Láàárọ̀, ohun tí à ń kọ́kọ́ gbọ́ ni ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí onípáànù tó wà lẹ́yìn ilé wa, lẹ́yìn ìyẹn ni ìró gálọ́ọ̀nù tó ń gbá ara ògiri kànga, lẹ́yìn náà ni àwọn oníbúlọ́ọ̀kù òdìkejì ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ tiwọn, gbì, gbì, gbì, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Gbogbo ayé ló ń kọ́lé ládùúgbò wa nígbà yẹn, oko ẹ̀gẹ́ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni ìró tiwa ń borí tiwọn, nítorí ará Èkìtì ni wá, Sátidé sì ni à ń gúnyán.

Màámi ni ìyá bàbá mi. Nígbà tí wọ́n bí mi ni wọ́n wá láti Èkìtì láti wá máa wẹ̀ mí, ìwẹ̀ náà ni wọn ò sì wẹ̀ tán mọ́. Iṣẹ́ ìjọba ni ìyá mi ń ṣe ní Ìkẹjà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń jáde nítorí ọ̀nà, ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń dé, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Màámi ló ń wẹ̀ mí, Màámi ló ń fún mi lóúnjẹ, ẹ̀yìn Màámi ni mo ń sùn sí. Orúkọ tí bàbá mi ń pè wọ́n ni èmi náà ń pè wọ́n. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan tún wà lọ́dọ̀ wa kó tó lọ ilé ọkọ, òun ló sì ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àǹtí. Ìyá mi kì í pe òun náà lórúkọ, torí ìyàwó kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́. Báyìí ni ilé wa ṣe rí: Ìdílẹ̀kẹ̀ ń ké sí Àǹtí, Àǹtí ń ké sí Ìdílẹ̀kẹ̀, bàbá mi ń ké sí Màámi. Ọmọdé ò ní ibòmíràn tí yóò ti kọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tí etí mi gbọ́ ni ẹnu mi gbà, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má sọ ọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín.

Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu mi pátá, lọ́dọ̀ Màámi ni mo ti rí i. Mo mọ ìṣasùn tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, mo mọ àdògán, mo mọ orógùn, mo mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìgbákọ, ọ̀tọ̀ ni ṣíbí. Bí wọ́n bá ní bàbá mi ń bọ̀ láti ìrìn àjò ní ọ̀túnla, mo mọ iye ìgbà tí màá sùn tí màá jí kí wọ́n tó dé. Síbẹ̀, bí Màámi bá pàdé ẹni tó ti ìlú wọn wá, tí àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n fi ojúlówó ohùn Èkìtì bọ́ sínú ọ̀rọ̀, ìdajì rẹ̀ ló ń bọ́ sí mi létí. Bí wọ́n bá rán mi ní nǹkan tí mi ò mọ̀, tí mo dúró tí mò ń wojú wọn, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ mọ̀ ọ́n jẹ, ẹ ò mọ̀ ọ́n pè.” Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo rán Bísọ́lá ọmọ mi ní ìṣasùn, ó gbé ìkòkò ìrẹsì wá fún mi. Mi ò bínú. Ìṣasùn tí Màámi fi sílẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí Bísọ́lá, kí ni ó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Àwọn kan máa ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ tó ń kú lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Èmi tí mo fi kíkọ́ àwọn ọmọdé wá oúnjẹ jẹ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti rí i pé bí nǹkan bá jáde nínú ilé, orúkọ rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tíì dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa, kì í sì í ṣe orúkọ ìkòkò.

Ọdún tí ìjà náà ṣẹlẹ̀ ni ọdún tí wọ́n mú mi lọ sílé ẹ̀kọ́. Àbúrò mi, Káyọ̀dé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn ọmọ aládùúgbò tó dàgbà jù mí lọ ni mo ń bá lọ tí mo sì ń bá bọ̀, ará ilé ẹ̀kọ́ kò sì mọ Màámi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n tètè túká níbi iṣẹ́ ìyá mi. Inú wọn dùn, wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n ní àwọn máa wá mú ọmọ àwọn nílé ẹ̀kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀, ní àsìkò yẹn, ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ ló kún gbogbo àdúgbò, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwọn tíṣà pé kí wọ́n má fa ọmọ lé ẹni tí wọn ò mọ̀ lọ́wọ́. Tíṣà mi dì mí lápá mú lẹ́nu ọ̀nà.

“Fúnkẹ́, ta nìyí?”

“Àǹtí ni.”

“Ìyá ẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà nílé. Wọ́n ń já ẹ̀fọ́.”

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. “Ẹ má dá a lóhùn jàre. Èmi ni mo bí i.”

“Mo gbọ́ yín, mà,” ni tíṣà wí, ṣùgbọ́n kò tú mi sílẹ̀. “Ẹ̀yin náà ṣá mọ bí ìlú ṣe rí. Ọmọ ló ní ìyá òun wà nílé yìí.”

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, wọ́n wò mí lójú. “Fúnkẹ́, sọ fún wọn. Ta ni mí?”

“Àǹtí.”

Àwọn ìyá ọmọ yòókù ti dúró, wọ́n ń wò. Ẹnì kan ní ayé ti bàjẹ́ o, pé wò ó bó ṣe múra dáadáa. Tíṣà ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n lọ pe ìyá ọmọ wá. Ìyá mi rìn padà sílé nínú yanrìn pẹ̀lú bàtà gogoro, wọ́n sì bá Màámi padà wá. Bí mo ṣe rí Màámi ni mo sáré, “Màámi! Màámi!” Tíṣà ní, “Ẹ ò rí i?” Ó wá wo ewú orí Màámi, ó wo èmi, ó tún wo ìyá mi. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Tíṣà, kí Ọlọ́run fún yín lọ́gbọ́n síwájú sí i. Ìyàwó ọmọ mi rèé, òun ló bí i. Èmi kàn ń pọ̀n ọ́n ni.” Ìyá mi kò rín ẹ̀rín kankan. Búrẹ́dì náà sì wà nínú báàgì wọn títí di ọjọ́ kejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wa wà nídìí ẹ̀bà. Ìyá mi fọ ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní, “Láti òní lọ, ọmọ tó bá pè mí ní Àǹtí nínú ilé yìí, mi ò ní jẹ́ ẹ. Mọ́mì ni mò ń jẹ́.”

Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú ìyá mi, wọ́n sì padà sídìí òkèlè wọn.

“Mọ́mì?” ni Màámi wí. “Ṣebí àwọn ọmọ ọlọ́kọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni kí wọ́n wá máa pè mí? Màámi ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ.”

“Mo ti gbọ́, ìyàwó mi.” Màámi fà sẹ́yìn. “Mi ò bá ẹ jà.”

Káyọ̀dé mú un lọ́jọ́ kejì. Ó fi ń kọrin kiri ilé ni, Mọ́mì-mọ́mì-mọ́mì, títí dé ìdí kànga. Tèmi ni kò yá. Ẹ má rò pé oríkunkun ni. Mọ́mì tí mo mọ̀ ni èyí tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ ilé alájà kan ní Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé, tí wọ́n máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun. Bí mo bá fẹ́ pè é, ńṣe ló máa ń dà bíi pé aṣọ aláṣọ ni mo wọ̀. Mo wá dọ́gbọ́n: mi ò pe ìyá mi ní nǹkan kan mọ́. Bí wọ́n bá wà ní yàrá, màá wọlé lọ síwájú wọn, màá wúkọ́ bí arúgbó, màá ní, “Wọ́n ní oúnjẹ ti délẹ̀.” Bí wọ́n bá wà lẹ́yìnkùlé, màá rìn yí ilé ká títí màá fi kò wọ́n lójú. Bí mo bá gbàgbé tí mo ní Àǹtí, wọ́n á máa lọ aṣọ wọn lọ bí ẹni pé ẹyẹ ló ké. Màámi á ní kí n gbìyànjú, pé ọmọ tó bá ṣípá ni à ń gbé. Màá lanu, Mọ́mì náà á dé ọ̀nà ọ̀fun, á sì padà.

Mo gbọ́ lọ́jọ́ kan tí ìyá mi ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Wọ́n ní, “Èmi ni mo lóyún rẹ̀, èmi ni mo rọbí rẹ̀, mo wá di àǹtí.”

“Ṣé orúkọ ló ń tọ́mọ ni?” ni bàbá mi wí.

“Rárá. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń sọni dìyá.”

Mi ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà yẹn. Lẹ́yìn tí èmi náà bímọ, tí mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí mo dé lálẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ló sá lọ, ó yé mi. Ó dun ìyá mi. Ó dùn wọ́n gan-an ni, ó sì dùn mí fún wọn bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà kan wà níwájú ilé wa tó jìn tó ìbàdí àgbàlagbà, pákó fífẹ̀ kan la sì fi ń sọdá rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ púpọ̀, omi á bo ọ̀nà, á bo gọ́tà, á bo pákó, gbogbo rẹ̀ á tẹ́jú bákan náà. Ará ilé ló mọ ibi tí pákó wà, wọ́n á kàn fi ojú wọn òpó iwájú ilé, wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí òjò tó dé, àwọn oníbúlọ́ọ̀kù yá pákó wa láti fi ti bárò wọn sọdá ẹrẹ̀. Òjò ká wọn mọ́bẹ̀, wọn ò rántí dá a padà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Káyọ̀dé, à ń wo omi. Òjò ti ń dá nígbà tí mo rí ìyá mi tí wọ́n ń bọ̀, bàtà lọ́wọ́, ọ̀rá lórí. Wọ́n fojú wọn òpó.

“Àǹtí!” ni mo ké. “Àǹtí! Àǹtí!”

Wọ́n gbọ́. Mo rí i pé wọ́n gbọ́, torí wọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí Àǹtí láti ọjọ́ yìí wá. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ pákó sọ, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀. Omi gbé wọn mì dé àyà. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ló sáré wá fà wọ́n jáde, ojúgun wọn sì ti ya, irin kan tó wà nínú gọ́tà ló ya á.

Màámi gbé omi gbígbóná kaná, wọ́n da iyọ̀ sí i. Èmi sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, Káyọ̀dé ló júwe mi. Ìyá mi jókòó sórí àpótí, ẹsẹ̀ wọn wà lórí itan Màámi, ojú wọn funfun.

“Fúnkẹ́, wá níbí. O rí i pé mo fẹ́ kó sí gọ́tà?”

“Mo rí i.”

“Kí ló dé tó ò pe Mọ́mì? Ṣebí ǹ bá ti yíjú sí ẹ.”

“Ẹ̀rù bà mí,” ni mo wí. “Àǹtí ló jáde.”

Màámi rẹ aṣọ sínú omi, wọ́n fún un, wọ́n rọra gbé e lé ojú ọgbẹ́.

“Ìyá tèmi,” ni Màámi wí, wọn ò gbójú sókè, “ìyàwó tó kéré jù ni wọ́n lágbo ilé wa. Gbogbo ilé ló ń pè wọ́n ní Ìyàwó. Kí lèmi náà mọ̀? Ìyàwó, ebi ń pa mí. Ìyàwó, ẹ gbé mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pe Yèyé, èmi ń pe Ìyàwó. Mo lọ́kọ, mo bí bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí, Ìyàwó náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n kú, Ìyàwó ni mo fi sunkún wọn.”

“Wọ́n máa ń jẹ́ yín?” ni ìyá mi bi wọ́n.

“Ta ni ì bá jẹ́ mi, bí wọn ò bá jẹ́ mi?”

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ tó fi di ẹkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú bí ọmọdé. Mo rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n bu omi mímu wá fún àwọn. Mo bù ú, mo kúnlẹ̀.

“Àǹtí, ẹ gbà.”

“Óò,” ni ìyá mi wí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe parí. Káyọ̀dé ń pe Mọ́mì, àwọn tí wọ́n bí tẹ̀ lé e náà ń pe Mọ́mì, èmi àkọ́bí ń pe Àǹtí. Inú kan ló bí wa, ẹnu wa ò sì bára mu. Màámi ti re ibi àgbà ń rè, bàbá mi náà ti lọ. Wọ́n ti bo gọ́tà yẹn, wọ́n sì ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí. Mi ò gbọ́ gbì, gbì, gbì mọ́ ládùúgbò náà, ẹ̀rọ iná ló kù tó ń pariwo. Ọ̀dọ̀ mi ní Báruwà ni Àǹtí ń gbé báyìí. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n etí wọn mú ju tèmi lọ.

Bísọ́lá ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ lérékùṣù Èkó, òun náà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó jáde. Ọ̀dọ̀ mi ló ń fi Tiwa ọmọ rẹ̀ sí láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Ọ̀rọ̀ ẹnu Tiwa, inú fóònù ló ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ òyìnbó ló fi mọ àwọ̀ gbogbo, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé wa, òyìnbó náà ló fi ń pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fi ń pe ènìyàn, inú ilé yìí ló ti kọ́ ọ. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pè mí ní Mọ́mì, ó gbà á. Ó gbọ́ tí mò ń pe ìyá rẹ̀ ní Bísọ́, ó gba ìyẹn náà. Bísọ́, gbé mi. Bísọ́, mo fẹ́ tíì. Mo rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́, Bísọ́lá bínú sí mi.

Ọjọ́ Fúráìdè tó kọjá, Bísọ́lá dé láti ibi iṣẹ́, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí àga, ó ń tẹ fóònù. Tiwa sáré jáde láti ilé ìdáná.

“Bísọ́!”

Bísọ́lá ò gbójú sókè.

“Bísọ́! Bísọ́!”

“Mi ò ní jẹ́ ẹ,” ni Bísọ́lá wí fún mi. “Títí á fi pe Mọ́mì. Wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ọmọ mi ń pè mí lórúkọ bí ẹgbẹ́ ẹ̀. Mọ́mì, ẹ bá mi bá a wí, jàre.”

Mo lanu láti sọ̀rọ̀. Àǹtí, tí a rò pé wọ́n ti sùn lọ lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, ló dá sí i.

“Bísọ́lá.”

“Mà?”

“Dá ọmọ lóhùn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n, Grandma, orúkọ mi ló ń pè o! Ṣé bó ṣe máa dàgbà nìyẹn?”

Àǹtí fa ìró wọn sókè díẹ̀. Àpá ojúgun yẹn ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Láti kékeré ni Bísọ́lá ti ń rí i, kò bi wọ́n rí.

“Dá a lóhùn,” ni ìyá mi wí. “Gọ́tà ń bẹ níwájú.”

Bísọ́lá wo àpá náà, ó wò mí. Tiwa ti di etí aṣọ rẹ̀ mú.

“Bísọ́?”

Bísọ́lá gbé fóònù sílẹ̀.

“Óò,” ló wí.